Eegun Àgbò Lórí Tábìlì Olùkọ́

Ní ọ̀sẹ̀ tí wọ́n bá ṣe Iléyá tán, kò sí àdúgbò ní Ìsẹ́yìn tàbí ní Ṣakí tí eegun àgbò kì í pọ̀ sí lẹ́yìnkùlé. Ajá á gbé èyí tó bá lè gbé, wọ́n á gbá ìyókù lọ sórí ààtàn. Ní ọ̀sẹ̀ yẹn kan náà, ọmọ JSS á jókòó ní kíláàsì, á máa ka cranium, clavicle, scapula àti femur ní àkàsórí, láìtíì fi ọwọ́ kan eegun kan ṣoṣo nítorí ẹ̀kọ́. Kó lè rí i kọ nínú ìdánwò BECE ló ṣe ń kọ́ ọ. Bí ìdánwò bá ti parí, púpọ̀ nínú àwọn orúkọ yẹn á bá ìwé wọ àpótí.

Kò yẹ kó rí bẹ́ẹ̀ níbikíbi, pàápàá ní agbègbè Òkè-Ògùn tí àwọn ìlú wọ̀nyí wà. Ilẹ̀ ọ̀dàn ni láti Ìsẹ́yìn títí dé Kíṣí, ilẹ̀ koríko tí màlúù, àgùntàn àti ewúrẹ́ ti ń rí jẹ. Àwọn Fúlàní darandaran wà níbẹ̀, ọjà ẹran wà níbẹ̀, alápatà kò sì wọ́n. Eegun oníke tí àwọn ilé ẹ̀kọ́ kan ń fi owó ńlá rà dára púpọ̀, kí ilé ẹ̀kọ́ tó bá lágbára rà á. Ṣùgbọ́n àìsí rẹ̀ kì í ṣe àwíjàre. Ẹ̀kọ́ eegun wà lára àwọn ẹ̀kọ́ sáyẹ́ǹsì díẹ̀ tí olùkọ́ abúlé lè kọ́ dáadáa ju ti ìlú ńlá lọ.

Ara ọmọ fúnra rẹ̀ ló yẹ kí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀. Eegun 206 ló wà lára àgbàlagbà. Iye yẹn á dẹ́rù ba ọmọ ọdún 11 tó bá rí i lójú pátákó. Ẹ jẹ́ kó na ọwọ́ kan síwájú, kó máa fi ọwọ́ kejì tẹ̀ ẹ́ wò. Eegun 27 ló wà ní ọwọ́ kan: mẹ́jọ wẹ́wẹ́ ní ọrùn ọwọ́, márùn-ún ní àtẹ́lẹwọ́, mẹ́rìnlá ní ìka, torí pé ìka kọ̀ọ̀kan ní mẹ́ta, àfi àtàǹpàkò tó ní méjì. Ẹsẹ̀ kan ní 26. Tó bá ro ọwọ́ méjèèjì pọ̀ mọ́ ẹsẹ̀ méjèèjì, 106 ló máa bá. Ọwọ́ àti ẹsẹ̀ nìkan ló kó ohun tó ju ìdajì eegun ara lọ! Ọmọ tó bá fúnra rẹ̀ kà á dé ibẹ̀ ti ní ohun tó máa sọ fún àwọn ará ilé rẹ̀ lálẹ́.

Lẹ́yìn náà, kí gbogbo kíláàsì mi orí bí ẹni tó gbà, kí wọ́n tún mì í bí ẹni tó kọ̀. Eegun ọrùn jẹ́ méje. Èyí tó wà lókè pátápátá ló gbé agbárí dúró, òun àti agbárí ló jọ ń ṣiṣẹ́ nígbà tí orí bá ń tẹ̀ síwájú sẹ́yìn. Àárín òun àti èkejì ni orí ti ń yí sọ́tùn-ún yí sósì. Ọmọ tó ń ru kẹ́ẹ̀gì omi wálé láràárọ̀ ti mọ iṣẹ́ eegun ọrùn tipẹ́, ohun tó ń gbé ẹrù náà ni kò tíì mọ̀. Eegun ẹ̀yìn tí ìhà so mọ́ jẹ́ 12, ti ìbàdí jẹ́ márùn-ún. Nísàlẹ̀ wọn, márùn-ún ti lẹ̀ pọ̀ di ẹyọ kan, mẹ́rin tó kéré jù lọ nídìí sì tún lẹ̀ pọ̀ bẹ́ẹ̀. Ìdí nìyí tí ọmọ ìkókó fi ní 33 tí àgbàlagbà sì ní 26.

Tí ẹ̀kọ́ bá dé orí eegun ìhà, ọmọ kan kò ní ṣàì béèrè bóyá ti ọkùnrin kò fi ẹyọ kan dín, nítorí ìtàn Ádámù tí ọmọ ìjọ àti ọmọ ilé kéwú jọ mọ̀. Kò yẹ kí olùkọ́ fi ọmọ bẹ́ẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́. Kí ó ní kí ọkùnrin àti obìnrin kà á lára ara wọn: 12 lọ́tùn-ún, 12 lósì, kò sí ìyàtọ̀. Méje àkọ́kọ́ ló fúnra wọn so mọ́ eegun àárín àyà, mẹ́ta ń gba ara èyí tó wà lókè wọn so, méjì tó kẹ́yìn kò so mọ́ nǹkan kan níwájú. Gbogbo wọn ló ń ṣọ́ ọkàn àti ẹ̀dọ̀fóró.

Nígbà tí wọ́n bá ti mọ ti ara wọn, kí eegun ewúrẹ́ tàbí ti àgbò dé orí tábìlì. Ibẹ̀ gan-an ni ẹ̀kọ́ náà ti ń dùn.

Ọrùn ewúrẹ́ náà ní eegun méje. Ìhà rẹ̀ jẹ́ 13 lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ̀ọ̀kan, ó fi ẹyọ kan ju tiwa lọ. Eegun tó dábùú lókè àyà wa láti ìsàlẹ̀ ọ̀fun lọ dé èjìká kò sí lára ewúrẹ́ rárá. Kí ọmọ wá a títí, kò ní rí i. Eegun yẹn ló ń ti èjìká èèyàn sẹ́gbẹ̀ẹ́ kí apá lè ríbi gbé sókè, kó yí, kó fi gun igi, kó fi ju òkò. Iwájú àti ẹ̀yìn ni ẹsẹ̀ ewúrẹ́ ń lọ ní tirẹ̀, kò nílò rẹ̀.

Kí wọ́n wá wo ẹsẹ̀. Ibi tí gbogbo ènìyàn ń pè ní orúnkún lẹ́sẹ̀ iwájú ewúrẹ́, ọrùn ọwọ́ rẹ̀ ni. Ìgúnpá rẹ̀ wà lókè lọ́hùn-ún, ó fara mọ́ àyà. Oríkèé ẹsẹ̀ ẹ̀yìn tó dà bí ẹni pé orúnkún yí sódì, gìgísẹ̀ ni. Orúnkún gidi wà lókè lẹ́gbẹ̀ẹ́ ikùn, níbi tí irun àti ẹran ti bò ó. Ìka ẹsẹ̀ méjì ni ẹran náà fi ń tẹ ilẹ̀, pátákò rẹ̀ sì ni èékánná. Ọmọ tó ti ń da ewúrẹ́ látìgbà tó ti ń rìn á kàn dákẹ́ wo ẹsẹ̀ ẹran náà ni, lẹ́yìn náà á wo ọwọ́ tirẹ̀. Kò sí àwòrán inú ìwé tó lè ṣe iṣẹ́ yẹn.

Àgbọ̀n náà ní ìtàn tirẹ̀. Ẹni tó bá ti jẹ orí ewúrẹ́ rí mọ̀ pé tó bá jinná dáadáa, eegun àgbọ̀n ìsàlẹ̀ máa ń pín sí méjì láàárín, apá ọ̀tún lọ́tọ̀, apá òsì lọ́tọ̀. Ti èèyàn kò rí bẹ́ẹ̀. Méjì ni wọ́n bí i mọ́ ọmọ tuntun, ṣùgbọ́n kó tó pé ọmọ ọdún kan, ó ti lẹ̀ di ẹyọ kan. Galen, dókítà ará Gíríìkì tó ṣiṣẹ́ ní Róòmù ní nǹkan bí 1,800 ọdún sẹ́yìn, ẹran àti ọ̀bọ ló ń là wò, kì í ṣe òkú èèyàn. Ó sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé eegun méjì ni àgbọ̀n ìsàlẹ̀ èèyàn. Ó ju 1,000 ọdún lọ tí àwọn dókítà Yúróòpù fi ń tẹ̀ lé ìwé rẹ̀. Andreas Vesalius, tó ń kọ́ni ní Padua ní Ítálì, ló gbé ìwé tirẹ̀ jáde ní 1543, tó sì fi hàn pé ẹyọ kan ni. Eegun ọkùnrin kan tí Vesalius tò pọ̀ ní ìlú Basel lọ́dún yẹn gan-an ṣì wà níbẹ̀ dòní olónìí. Nítorí náà, olùkọ́ tó bá gbé àgbọ̀n ewúrẹ́ kalẹ̀ gbọ́dọ̀ ní kí ọmọ fọwọ́ pa àgbọ̀n tirẹ̀ náà láti òsì dé ọ̀tún. Eegun ẹran fún àfiwé, ara ọmọ fún òdodo.

Mímúra eegun sílẹ̀ kò le, ṣùgbọ́n ọ̀nà wà tí wọ́n ń gbà ṣe é. Ọjọ́ tí wọ́n bá fẹ́ pa ẹran ni kí olùkọ́ ti bá alápatà sọ̀rọ̀, torí àáké alápatà kì í mọ ojú oríkèé, ó kàn ń gé e wẹ́lẹwẹ̀lẹ fún ọbẹ̀ ni. Kí ó fi ọ̀bẹ yọ ọ́ ní oríkèé, kí ẹsẹ̀ kan, ọrùn kan àti àgbọ̀n kan wà lódindi. Kí àgbàlagbà sè é pẹ́ títí gbogbo ẹran á fi ṣí kúrò, kí wọ́n ha á, kí wọ́n fi ọṣẹ àti omi gbígbóná fọ̀ ọ́, kí wọ́n sá a sóòrùn. Nígbà ọyẹ́, kì í pẹ́ gbẹ. Kí wọ́n kọ nọ́ńbà sára eegun ẹ̀yìn kọ̀ọ̀kan kí wọ́n tó kó o sí páálí, kí èyí tó ṣáájú má bàa di èyí tó kẹ́yìn.

Eegun adìẹ náà ní iṣẹ́ tirẹ̀. Kí wọ́n mú eegun itan adìẹ méjì tí wọ́n ti fọ̀ mọ́. Kí wọ́n rẹ ọ̀kan sínú fínígà, kí wọ́n máa pààrọ̀ fínígà náà lẹ́yìn ọjọ́ méjì méjì. Kí olùkọ́ sun èkejì nínú iná èédú títí yóò fi dúdú tí yóò sì tún funfun. Lẹ́yìn nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kan, èyí tó wà nínú fínígà á rọ̀, ọmọ á lè tẹ̀ ẹ́ kọdọrọ láì jẹ́ pé ó kán. Èyí tí wọ́n sun á dúró bó ṣe wà tẹ́lẹ̀, àmọ́ tí wọ́n bá fọwọ́ tẹ̀ ẹ́, á rún wómúwómú. Fínígà ti yọ kálísíọ́mù tó mú eegun le kúrò, ó ku okùn tín-ín-rín tín-ín-rín tí kì í jẹ́ kó tètè kán. Iná ti jó okùn náà, ó ku èyí tó le. Eegun tó bá pàdánù ọ̀kan nínú méjèèjì kò wúlò mọ́. Ọmọ tó rí èyí kò nílò kí wọ́n tún ka ìtumọ̀ rẹ̀ fún un.

Èyí tó le yẹn ló ń jẹ́ kí eegun pẹ́ nínú ilẹ̀. Ní 1965, awalẹ̀pìtàn Thurstan Shaw àti àwọn tó bá a ṣiṣẹ́ hú eegun èèyàn kan nínú ihò àpáta Ihò Eléérú, nítòsí Ìsàrun ní ẹ̀bá Àkúrẹ́. Ọjọ́ orí rẹ̀ ju 11,000 ọdún lọ. Ó dára kí ọmọ Yorùbá mọ̀ pé ilẹ̀ tirẹ̀ náà wà nínú ìwé ìtàn eegun.

Fún ìsọ̀rọ̀ lórí oríkèé, àwọn ọmọ Ìsẹ́yìn kò ní láti rìn jìnnà. Ẹni tó jókòó sídìí òfì ń fi ọwọ́ kan ju ọ̀kọ̀, ó ń fi ọwọ́ kejì gbà á, ẹsẹ̀ rẹ̀ ń tẹ ìtẹ̀sẹ̀ nísàlẹ̀. Ìgúnpá rẹ̀ ń ká, ó ń nà, kò lè yí gbirigbiri. Èjìká rẹ̀ ń yí níbi tó bá fẹ́, nítorí pé orí eegun apá jẹ́ róbótó, ó sì jókòó sínú kòtò tó gbà á. Ọrùn ẹsẹ̀ ń lọ sókè sódò. Wákàtí kan ní ilé ìhunṣọ, pẹ̀lú ìwé àti bíírò lọ́wọ́ ọmọ, tó fún gbogbo orí ìwé lórí oríkèé. Awunṣọ á sì gbà wọ́n lálejò bí olùkọ́ bá ti lọ bẹ̀ ẹ́ ṣáájú.

Ṣùgbọ́n ìdánwò nìkan kọ́ ló mú kí ọ̀rọ̀ yìí ṣe pàtàkì. Àárín ọdún 11 sí 18 ni eegun ọmọ ń ga tó sì ń kó kálísíọ́mù pa mọ́ jù lọ. Ohun tó bá jẹ nígbà yẹn ló máa gbé e títí di ọjọ́ ogbó. Ní 1999, dókítà Tom Thacher àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé iṣẹ́ kan jáde tí wọ́n ṣe ní Jos, lórí ọmọ 123 tí eegun wọn rọ̀ tí ẹsẹ̀ wọn sì tẹ̀. Ohun tí àwọn ènìyàn ti gbà tẹ́lẹ̀ ni pé àìrí oòrùn tó, tó ń fún ara ní fítámì D, ló ń fa àìsàn náà. Oòrùn kò kúkú wọ́n ní Nàìjíríà. Wọ́n fún àwọn kan ní fítámì D, wọ́n fún àwọn kan ní kálísíọ́mù, wọ́n fún àwọn tó kù ní méjèèjì, fún ọ̀sẹ̀ 24. Ìdá 19 nínú 100 ló yá lára àwọn tó gba fítámì D nìkan. Lára àwọn tó gba kálísíọ́mù nìkan, ìdá 61 ló yá. Oúnjẹ àwọn ọmọ náà ni kálísíọ́mù kò tó nínú rẹ̀. Àwọn dókítà ní Ilé-Ifẹ̀ náà ti rí irú àìsàn yìí láàárín àwọn ọmọ ilẹ̀ Yorùbá.

Ọ̀rọ̀ yìí kan ilé tí ògì lásán ti jẹ́ oúnjẹ ọmọ láàárọ̀, tí láfún sì jẹ́ oúnjẹ alẹ́. Òkè-Ògùn ní ohun tó lè tún un ṣe: wàrà tí àwọn ìyá Fúlàní ń kiri, lúúrú tí wọ́n fi ewé igi oṣè ṣe, edé, ẹja wẹ́wẹ́ tí wọ́n ń rún teegun-teegun. Ọmọ tó bá kọ́ èyí nílé ẹ̀kọ́ lè sọ ọ́ nílé, kí wọ́n má fi ẹsẹ̀ àbúrò rẹ̀ tó tẹ̀ sí àwọn àgbà ilé lọ́rùn pé àwọn ló fi ayé ṣe é.

Bẹ́ẹ̀ náà ni mùdùnmúdùn inú eegun. Gbogbo ọmọ ló fẹ́ràn rẹ̀ nínú ọbẹ̀, díẹ̀ ló mọ̀ pé inú rẹ̀ ni ara ti ń ṣe ẹ̀jẹ̀. Nǹkan bí ẹnì kan nínú mẹ́rin ní Nàìjíríà ló ní ẹ̀jẹ̀ AS. Bí méjì bá fẹ́ ara wọn, wọ́n lè bí ọmọ SS, tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ á máa dí ọ̀nà inú eegun, tí ìrora á sì máa dé láìròtẹ́lẹ̀. Àìsàn tí Yorùbá ń pè ní fòníkú-fọ̀ladìde nìyẹn. Ọ̀pọ̀ kíláàsì ló ní irú ọmọ bẹ́ẹ̀. Ó yẹ kí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ mọ̀ pé kì í ṣe ọ̀lẹ, kì í sì í ṣe àbíkú.

Eegun kíkán kò ṣàjèjì sí wọn ní tirẹ̀. Ọ̀kadà ni wọ́n ń gùn lọ sóko, orí igi máńgòrò àti káṣíù ni ọmọdé ti ń já bọ́. Ọ̀pọ̀ ilé ló máa kọ́kọ́ gbé aláìsàn lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ń to eegun, àwọn kan nínú wọn sì mọṣẹ́ wọn. Àwọn mìíràn ṣì ń ṣẹ́ ẹsẹ̀ adìẹ, tí wọ́n á dì í pọ̀ mọ́ ìtọ́jú aláìsàn, kí wọ́n lè mọ ìgbà tí eegun á ti jiná. Ewu tí àwọn dókítà Nàìjíríà ti ń kọ̀wé lé lórí fún ọ̀pọ̀ ọdún ni igi àti aṣọ tí wọ́n bá dì le jù. Ẹ̀jẹ̀ kò ní rí ọ̀nà kọjá, ẹran ara á kú, wọ́n á sì gé ọwọ́ tàbí ẹsẹ̀ tí ì bá ti bọ́ sípò. Ọmọ JSS lè kọ́ ohun tó lè gba ẹnì kan là: ẹ má fa ibi tó kán, ẹ fi pákó àti aṣọ gbé e dúró bí ẹ ṣe bá a, ẹ fi aṣọ mímọ́ bo ojú ọgbẹ́ bí eegun bá yọ síta, ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn. Kí wọ́n máa wo ìka. Bí ìka bá tutù, tó bá kú tipiri tàbí tó dúdú, kí wọ́n tú ohun tí wọ́n dì lójú ẹsẹ̀.

Èdè wo ni kí wọ́n fi kọ́ gbogbo èyí? Gẹ̀ẹ́sì ni ìdánwò, olùkọ́ kò lè sá fún un. Ṣùgbọ́n láti 1970, Babs Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ ti fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní sáyẹ́ǹsì àti ìṣirò fún ọdún mẹ́fà gbáko, àwọn ọmọ náà kò sì rẹ̀yìn sí àwọn tí wọ́n fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́. Bí ọmọ bá ti mọ agbárí, ìgúnpá, ìgbáròkó, ojúgun àti gìgísẹ̀ dáadáa, orúkọ Gẹ̀ẹ́sì á ríbi lẹ̀ mọ́. Olùkọ́ tó ń fi Yorùbá ṣàlàyé kí ó tó fi Gẹ̀ẹ́sì kọ ọ́ sí pátákó kò ṣẹ̀, iṣẹ́ rẹ̀ ló ń ṣe.

Tí àwọn ọmọ yìí bá dé kíláàsì àgbà, WAEC lè gbé eegun ẹ̀yìn ẹranko síwájú wọn nínú ìdánwò aláfọwọ́ṣe ti Bàọ́lọ́jì, kí ó ní kí wọ́n sọ èyí tó jẹ́ ti ọrùn, èyí tó jẹ́ ti ìbàdí àti ìdí tí wọ́n fi mọ̀. Ọjọ́ ìdánwò kọ́ ló yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ dì í mú. Ẹ̀yin alápatà Ṣakí, Ìsẹ́yìn, Òkèhò àti Kíṣí, bí olùkọ́ bá wá bá yín, ẹ fún un ní ẹsẹ̀ kan àti ọrùn kan lódindi. Ẹ̀yin òbí tó wà nínú PTA, ilé ẹ̀kọ́ mẹ́ta sí mẹ́rin lè dáwó ra eegun oníke kan ṣoṣo, kí wọ́n máa gbé e yí ká láàárín ara wọn. Ẹ̀yin ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́, ẹ wá kọ́bọ́ọ̀dù kan tó ní kọ́kọ́rọ́ fún un, kí ẹ sì jẹ́ kí àwọn ọmọ máa fọwọ́ kàn án.